Owó ẹyọ di káàdì l'Ékòó: Ohun tó yẹ kí àgbà mọ̀ kó tó wọkọ̀

Àwọn àgbà ní owó ni kẹ̀kẹ́ ìyìnrere. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì di irọ́. Ṣùgbọ́n ní ìlú Èkó lónìí, ènìyàn lè ní owó lọ́wọ́ kó má rí bọ́ọ̀sì ìjọba wọ̀, nígbà tí ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lápò yóò wọlé, yóò jókòó, yóò sì dé ibi tó ń lọ láìsí wàhálà. Káàdì pẹlẹbẹ kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ló fa ìyàtọ̀ náà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà báyìí. Bí ìyá àgbàlagbà kan bá gbéra ní Ìkirè ní kùtùkùtù, tó di gààrí àti dòdò Ìkirè fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó sì sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀jọ́ta lọ́sàn-án, ohun tó kàn ni kó wọ bọ́ọ̀sì ńlá BRT lọ sí Fádèyí tí ọmọ rẹ̀ ń gbé. Yóò tò sórí ìlà bí àwọn yòókù. Yóò tú etí ìró rẹ̀, yóò sì na owó jáde. Ohun tí yóò gbọ́ ni pé, "Màmá, ẹ má bínú o, wọn kì í gba owó níbí. Káàdì yín ńkọ́?"

Kì í ṣe pé owó màmá kò pé. Kì í sì í ṣe pé owó náà ti ya tàbí pé ó ti gbó. Irú owó tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ ló ti yí padà, kò sì sí ẹni tó sọ fún un kó tó kúrò nílé. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo òbí tó ní ọmọ l'Ékòó, ó sì kan ọmọ tó ń retí òbí rẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ètò náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Cowry ni orúkọ káàdì náà. LAMATA, ìyẹn àjọ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 2002 láti máa mójú tó ètò ìrìnnà, ló wà nídìí ètò tí wọ́n ti ń lò ó.

Oṣù kẹta ọdún 2008, nígbà ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, ni bọ́ọ̀sì BRT kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ná Máìlì 12 sí CMS, lójú ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un kí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ má baà dá a dúró. Nígbà náà, tíkẹ́ẹ̀tì bébà ni èrò ń rà. Ènìyàn yóò lọ bá ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, yóò sanwó, yóò gba bébà kékeré kan, yóò sì fi hàn kó tó wọlé. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2021, káàdì Cowry ti ń gba ipò bébà náà.

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró lórí bọ́ọ̀sì mọ́. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, rélùwéè tí wọ́n ń pè ní Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Máìlì 2 dé Marina. Ìrìn kìlómítà 13 ni, ibùdó márùn-ún ló sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ọdún kan lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá ọdún 2024, Red Line tẹ̀ lé e láti Agbádó dé Ọyìngbò, kìlómítà 27, tó gba Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì àti Yábàá kọjá. Káàdì kan náà tí ènìyàn fi wọ bọ́ọ̀sì ni yóò fi wọ rélùwéè.

Ìjà ṣénjì

Ẹni tó bá ti wọ danfo rí kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìdí tí wọ́n fi ronú kan káàdì. Kí ọkọ̀ tó gbéra ni kọ̀ǹdọ́kítọ̀ yóò ti máa pariwo pé, "Ẹ mú ṣénjì yín dání o! Mi ò ní ṣénjì o!" Ẹni tó bá kọ etí dídi sí ìkìlọ̀ náà, tó wọlé pẹ̀lú owó ńlá, ti wọ gàù.

Bí ọkọ̀ bá dé ibi tí èrò fẹ́ sọ̀, kọ̀ǹdọ́kítọ̀ yóò mú owó ńlá kan, yóò fi lé ẹnì kan lọ́wọ́, yóò sì ní òun ti so òun àti ẹlòmíràn pọ̀, kí àwọn méjèèjì lọ wá ṣénjì kí wọ́n pín in láàárín ara wọn. Báyìí ni àwọn tí kò rí ara wọn rí yóò di tọkọtaya òjijì lójú títì. Wọn yóò máa tọ oníbúrẹ́dì àti alátẹ kiri, ọkọ̀ yóò sì ti lọ. Bí ọ̀kan bá sáré ju èkejì lọ, owó ti wọmi nìyẹn. Àwọn tí eegun wọn kò le mọ́ ni ìyà náà máa ń jẹ jù.

Káàdì ti pa ìjà yìí run nínú bọ́ọ̀sì ìjọba. Bí owó ọkọ̀ bá jẹ́ iye kan pẹ̀lú náírà márùn-ún lẹ́yìn, iye náà gan-an ni ẹ̀rọ yóò yọ, kò ní lé, kò ní dín. Ọkọ̀ kì í pẹ́ ní ibùdókọ̀ mọ́ torí ẹni tó ń ka owó. Bákan náà, owó kì í gba ọwọ́ ẹni púpọ̀ kó tó dé àpò ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀. Gbogbo ìgbà tí káàdì bá kan ẹ̀rọ ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ ń wọlé, àwọn tó ń ṣètò ọkọ̀ á sì mọ iye ènìyàn tó wọlé ní ibùdókọ̀ kan àti wákàtí tí èrò máa ń pọ̀ jù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà tí owó bébà sì di ọ̀wọ́n gógó, tí àwọn ènìyàn ń sùn sẹ́nu ọ̀nà báǹkì nítorí ẹgbẹ̀rún díẹ̀, ẹni tí owó wà lórí káàdì rẹ̀ kò ní láti wá owó bébà kiri kó tó wọ BRT. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú dín owó bọ́ọ̀sì ìjọba kù sí ìdajì fún ìgbà díẹ̀. Irú ẹ̀dínwó bẹ́ẹ̀ rọrùn láti ṣe nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń gba owó, torí inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń yí iye owó padà.

Orúkọ tí kò ṣàjèjì

Orúkọ tí wọ́n sọ káàdì yìí yẹ kó dùn mọ́ àgbà nínú. Cowry ni òyìnbó ń pe owó ẹyọ. Kí sílè àti kọ́bọ̀ tó dé, owó ẹyọ ni Yorùbá ń ná. Láti erékùṣù Maldives nínú òkun Íńdíà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, àwọn mìíràn sì wá láti etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà.

Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Okùn 50 jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ọ̀kẹ́ kan kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kì bọ àpò. Ẹrù orí ni, ẹni tó bá rù ú lọ sọ́jà yóò làágùn kó tó débẹ̀.

Káàdì kò wúwo rárá. Ẹni tó ní ọ̀kẹ́ kan lórí rẹ̀ àti ẹni tí kò ní nǹkan kan, bákan náà ni tiwọn ṣe fúyẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ojú ń rí owó ẹyọ. Ojú ń rí owó bébà. Ojú kò rí owó inú káàdì. Àgbà tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ka owó lójú ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá gba ohun tí ẹ̀rọ bá sọ fún un. Ohun tuntun tó yẹ kó kọ́ nìyẹn, ó sì tóbi ju bí wọ́n ṣe ń fi káàdì kan ẹ̀rọ lọ.

Bí káàdì ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bèèrè bí ike lásán ṣe ń sanwó láìsí bátìrì nínú rẹ̀. Kì í ṣe idán. Nínú ike náà, ẹ̀rọ tíńtín kan wà tí kò tó èékánná, àti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ká yípo inú káàdì. Ẹ̀rọ tó wà ní ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì tàbí rélùwéè ń tú agbára jáde sí àyíká rẹ̀, bí rédíò ṣe ń tú ohùn jáde, àmọ́ tirẹ̀ kò rìn jìnnà. Bí káàdì bá ti súnmọ́ ọn, wáyà náà yóò gba díẹ̀ nínú agbára yìí, ẹ̀rọ tíńtín náà yóò sì jí.

Lẹ́yìn èyí, àwọn méjèèjì yóò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọn yóò kọ́kọ́ fi àmì àṣírí dá ara wọn mọ̀ kí káàdì ayédèrú má baà wọlé. Ẹ̀rọ yóò wo iye owó tó kù, yóò yọ tirẹ̀, yóò sì dún. Gbogbo rẹ̀ kì í sábà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ìdí nìyí tí kò fi sí ìdí láti ki káàdì bọ ihò kankan. Kí ó kan ojú ẹ̀rọ, kí ó dúró díẹ̀, ó parí.

Bí a bá fẹ́ fi ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ, ó jọ owó tí a ń fi sórí fóònù. Ènìyàn á fi owó sí i, á máa ná an díẹ̀díẹ̀, bó bá tán á tún fi òmíràn sí i. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bébà tí a ń họ láti fi owó sórí fóònù, jíjù là ń jù ú nù. Káàdì ọkọ̀ kò ṣeé jù nù. Òun náà ni a óò lò lọ́la.

Àwọn ìlú tó ti ṣáájú

Èkó kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1997, ìlú Hong Kong bẹ̀rẹ̀ káàdì tí wọ́n ń pè ní Octopus. Nígbà tó yá, àwọn ará ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ra nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú. Ní ọdún 2003, ìlú London gbé Oyster jáde. Màmá tó bá lọ bá ọmọ rẹ̀ gba ọmọ pọ̀n ní Peckham, lẹ́yìn kóòtù òtútù, ọ̀kan nínú ohun tí ọmọ yóò kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́ ni káàdì ọkọ̀.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù keje ọdún 2014, bọ́ọ̀sì London ṣíwọ́ gbígba owó pátápátá. Ṣùgbọ́n wọn kò sé ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Wọ́n ṣe é pé bí owó orí Oyster bá kù tí kò tó owó bọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ yóò ṣì jẹ́ kí èrò náà wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò sì di gbèsè tí yóò san nígbà tó bá tún fi owó sí i. Ète wọn ni pé kí ẹnikẹ́ni má dúró sójú títì lálẹ́ nítorí owó táṣẹ́rẹ́.

Wọ́n tún ń wo orí arúgbó níbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé London, tó ti pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, lè gba káàdì tí yóò máa fi wọ bọ́ọ̀sì àti rélùwéè lọ́fẹ̀ẹ́, yàtọ̀ sí òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń pọ̀ lójú ọ̀nà. Èyí fi hàn pé káàdì tó lè mọ iye owó tó kù lè mọ ọjọ́ orí ẹni tó ni ín pẹ̀lú. Ibikíbi tí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ rọ́pò ọwọ́ ènìyàn, ó yẹ kí wọ́n rántí kọ́ ẹ̀rọ náà ní àánú.

Ibi tí bàtà ti ń ta lẹ́sẹ̀

Kò sí ohun tó dára tí kò ní àbùkù. Àbùkù àkọ́kọ́ ni ti àlejò. Ẹni tó ń gbé Èkó tó ń wọ BRT lójoojúmọ́ kò ní ìṣòro, káàdì ti di ara aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá fún ọjọ́ mẹ́ta, ìyẹn ẹni tó wá rí dókítà, ẹni tó wá ṣe ìgbéyàwó, ẹni tó wá wo ọmọ tuntun, kò ní káàdì nílé. Ó gbọ́dọ̀ ra káàdì, kó sì tún fi owó sí i, kó tó lè wọ ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun tí ọ̀pọ̀ irú wọn máa ń ṣe ni pé wọn á bẹ ẹlòmíràn kó bá wọn fi káàdì tirẹ̀ kan ẹ̀rọ, wọn á sì fún un ní owó bébà. Ìwà ọmọlúàbí ni, kò sì sí ẹni tí yóò bá ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ wí. Síbẹ̀, ó ní ewu tirẹ̀. Ẹni tó yáni ní káàdì lè má sọ̀ níbi tí ẹni tó yá a ti fẹ́ sọ̀, ẹ̀rọ kò sì mọ̀ pé ẹni méjì ló wà lórí káàdì kan.

Àbùkù kejì ni ti ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣòro. Owó lè kúrò ní báǹkì kó má tíì hàn lórí káàdì. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀dọ́ tó ní fóònù ńlá, yóò mọ ibi tó máa tẹ̀. Arúgbó tí kò mọ̀wé yóò máa wo ojú àwọn ènìyàn ni.

Ohun tó yẹ ní mímọ̀ kí a tó gbéra

Ẹni tó bá ń lọ sí Èkó, tó sì mọ̀ pé òun yóò wọ bọ́ọ̀sì BRT tàbí rélùwéè, kí ó sọ fún ọmọ tàbí ìbátan rẹ̀ níbẹ̀ kó bá òun ra káàdì sílẹ̀, kó sì gbé e wá pàdé òun níbi tí òun yóò ti sọ̀. Èyí rọrùn ju kí ènìyàn máa wá ibi tí wọ́n ti ń tà á pẹ̀lú ẹrù lórí lọ. Àwọn aṣojú tó ń ta káàdì, tí wọ́n sì ń fi owó sí i, máa ń wà ní àwọn ibùdókọ̀ ńlá. Ọmọ náà tún lè jókòó sílé, kó fi fóònù rẹ̀ fi owó sórí káàdì òbí rẹ̀, bó bá ṣáà ti mọ nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀.

Bí a bá fi owó sí i lọ́dọ̀ aṣojú, kí a bèèrè iye tó wà lórí rẹ̀ kí a tó kúrò níbẹ̀. Kí a má tijú. Owó tí ojú kò rí, ẹnu la fi ń bèèrè rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń fi káàdì kan ẹ̀rọ l'Ékòó, ẹ̀ẹ̀kan nígbà tí a bá ń wọlé, ẹ̀ẹ̀kan nígbà tí a bá ń jáde. Ibi tí a ti wọlé àti ibi tí a ti jáde ni ẹ̀rọ fi ń ṣírò owó. Ẹni tó bá sọ̀ láìfi káàdì kan ẹ̀rọ, lójú ẹ̀rọ ṣe ni ó lọ dé ìparí ọ̀nà, owó gbogbo ọ̀nà ni yóò sì san. Àwọn tó ti gbé London rí gan-an máa ń ṣe àṣìṣe yìí, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi káàdì kan ẹ̀rọ nínú bọ́ọ̀sì tiwọn níbẹ̀.

Kí a má ṣe tẹ káàdì, kí a má dá ihò sí i lára láti fi okùn kọ́ ọ sọ́rùn, torí wáyà inú rẹ̀ lè já. Kí a má kó o pọ̀ mọ́ káàdì báǹkì nígbà tí a bá fẹ́ lò ó, kí ẹ̀rọ má baà rí méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Paríparí rẹ̀, kí a fi orúkọ àti nọ́ńbà fóònù so mọ́ káàdì náà. Èyí tí kò ní orúkọ dà bí owó bébà tó jábọ́ lójú títì, ẹni tó bá rí i ló ni ín. Èyí tó ní orúkọ, bó bá sọnù, ènìyàn ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀. Nítorí èyí náà, kò bọ́gbọ́n mu kí a kó owó rẹpẹtẹ sí i. Kí a fi owó tí a óò lò fún ọjọ́ díẹ̀ sí i, kí ìyókù dúró níbi tó wà.

Bí ìyá tó ti Ìkirè wá bá mọ gbogbo èyí kó tó di ẹrù rẹ̀, kò ní dúró sí Ọ̀jọ́ta kó máa wo ojú ọmọlójú. Ọmọ rẹ̀ yóò ti dúró dè é pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Nígbà tí yóò bá sì fi padà sílé, kó fi káàdì náà sí etí ìró rẹ̀ níbi tí owó ẹyọ àwọn ìyá rẹ̀ ti wà rí, kó so ó le dáadáa. Nítorí pé bí ọmọ-ọmọ bá tún ránṣẹ́ pè é lọ́dún tó ń bọ̀, òun ni yóò tún fi wọkọ̀.